Ẹ̀sùn Lórí Ínfátà Sólà Tí Wọ́n So Sílé Adití

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Àdúgbò Ìlódè,
Ilé-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Alága Ìgbìmọ̀,
Ẹgbẹ́ Alájùmọ̀lo Iná Oòrùn,
Òkè-Ogbó,
Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÍNFÁTÀ TÓ Ń KÉ TÍ N KÒ GBỌ́, ÀTI KỌ̀MPÚTÀ MI TÓ BÀJẸ́

1. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Àìsàn ló gba etí mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni. Ìyàwó mi nìkan ló mọ bí a ti í fi ọwọ́ bá mi sọ̀rọ̀, ó sì ti di olóògbé. Láti ìgbà náà, orí kọ̀mpútà ni mo ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń kọ̀wé sí mi, èmi náà ń fèsì. Lẹ́tà orí fóònù kéré jù fún ojú mi.

2. Nítorí iná ìjọba tí kì í dúró, mo darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ yín. Nígbà tí òṣìṣẹ́ yín, Ọ̀gbẹ́ni Ìbídàpọ̀, wá so ínfátà, ẹ̀rọ tí ń sọ iná bátìrì di iná ilé, mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ṣàlàyé fún un pé kọ̀mpútà, fáànù àti gílóòbù nìkan ni mo fẹ́ lò. Mo bi í pé báwo ni n ó ṣe mọ̀ bí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́. Ó kọ èsì rẹ̀ sórí páálí: "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Bí ẹrù bá pọ̀ jù fún un, yóò ké." Mo fi ọwọ́ kan etí mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

3. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí mo wà ní ilé ìjọsìn, ó padà wá so ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga mọ́ ínfátà kan náà, nítorí àwọn ayálégbé yòókù bẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.

4. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo ń kọ̀wé ìbánikẹ́dùn sí Fisáyọ̀mi, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, nígbà tí ojú kọ̀mpútà ṣẹ́jú, tó sì ṣókùnkùn. Òórùn wáyà tó ń jóná ló gbé mi dìde. Kí n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, aládùúgbò mi, Ìyáàfin Hàjàrá, ti já iná bátìrì, ó sì ń da iyanrìn sórí wáyà tó ń jó. Ó kọ ọ́ fún mi pé ínfátà náà ti ń ké láti òwúrọ̀, pé òun rò pé mo mọ̀ ni. N kò bínú sí i. Ènìyàn a máa gbàgbé.

Kọ̀mpútà náà kò tan mọ́. Fisáyọ̀mi kò sì tíì rí ọ̀rọ̀ kankan gbà lọ́dọ̀ mi.

5. Mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ ẹ̀rọ omi kúrò lára ínfátà náà, kí ẹ fi wáyà tó nípọn rọ́pò èyí tó jóná, kí ẹ sì tún kọ̀mpútà mi ṣe. Ẹ fi ohun tí yóò máa dáàbò bò ó sí i, fún ìgbà tí iná bá ń ṣe ségesège. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ gbé gílóòbù pupa kan sí yàrá mi tí yóò máa tàn nígbà tí ínfátà bá ń ké. Kí àwọn òṣìṣẹ́ yín sì máa bèèrè ẹni tó ń gbé inú ilé kí wọ́n tó so ohunkóhun síbẹ̀.

6. Ìyáàfin Hàjàrá ti bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó ọ́fíìsì yín létí. Èsì tí ẹ fún un ni pé àwọn òṣìṣẹ́ yín wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n kan ilẹ̀kùn títí, wọn kò bá ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo wà nílé. Mo wà nílé lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá tún ń bọ̀, kí wọ́n má kan ilẹ̀kùn. N ó ṣí i sílẹ̀ láti àárọ̀. Kí wọ́n wọlé tààrà, kí wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká.

Mo dúpẹ́ pé ẹ ka ọ̀rọ̀ mi dé òpin.

Èmi ni ọmọ ẹgbẹ́ yín,
Oyèkúnlé Lágúnjú,
Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì.