Àpò Ìrẹsì Tí Mo Rán fún Bọ́sẹ̀

Ẹ kú ilé o, Màámi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi. Mo kí Bàbá, mo sì kí àwọn ọmọ tí Ẹ̀gbọ́n mi Ṣadé fi sílẹ̀ sí yín lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde nínú ìwé ìròyìn nítorí ẹ̀yin nìkan kọ́ ni ìyá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn.

Òjò Adó-Èkìtì ò jẹ́ ká sinmi, iṣẹ́ ìránṣọ náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ mówó wọlé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé láti Ṣakí, mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Ulé ni wọ́n ń pe ilé níbí, bí mo bá sì ti lanu, wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Bọ́sẹ̀ nìkan ló fà mí mọ́ra. Nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Ìgbẹ́mọ, ìjọ Àgùdà ni wọ́n ń lọ. Bí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀, òun ló ń se ọbẹ̀ fún mi.

Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, tí àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe bráídàlì ṣáwà fún un, àríyá tí wọ́n máa ń ṣe fún ìyàwó kó tó lọ ilé ọkọ, mo ní mi ò ní ra ẹ̀bùn kankan, ọwọ́ mi ni mo máa fi ṣe é. Mo ra àgékù aṣọ l'Ọ́jà Ọba, mo rán àpò kéékèèké, a sì fẹ́ bu ìrẹsì oko bàbá rẹ̀ sínú wọn kí àlejò kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ lọ. Òwú pupa ni mo fi kọ orúkọ Bọ́sẹ̀ sára wọn. Ọ̀sán Sátidé ni èmi àti òun ń di àpò náà lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀bù mi, tá à ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa, ni Kọ́lá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wọlé.

Ó gbé àpò kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní orúkọ tòun dà. Ẹ ṣáà mọ ẹnu mi. Mo ní ìyàwó là ń ṣe é fún, kó lọ rán tiẹ̀. Èmi ni mo sọ̀rọ̀, Bọ́sẹ̀ ló gbá létí. Ó mú sísọ́ọ̀sì mi, ó ń ya àpò náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìrẹsì ń dà sílẹ̀. Bọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pé kóun kó o. Ó fi irun wọ́ ọ, ó gbá orí rẹ̀ mọ́ irin máṣíìnì, ó tún gbá a. Ẹ̀jẹ̀ ta sí ìrẹsì. Ó wá ń tẹ ìka ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Áyọ́ọ̀nù mi ti gbóná. Mo gbé e, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ Kọ́lá lẹ́yìn, mi ò sì tètè mú un kúrò. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ igbe rẹ̀. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́ fún yín.

Àwọn ará àdúgbò ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò lọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ dé ọsibítù tí a gbé e lọ, wọ́n rí bí ojú ọmọ wọn ṣe wú, wọ́n sì ní ulé ọkọ ulé ẹ̀kọ́ ni, pé káàdì ìgbéyàwó ti jáde, pé ọkùnrin tí kì í bínú kò sí. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni Bọ́sẹ̀ bi mí pé ibo lòun fẹ́ gbà báyìí. Mo ní ọ̀dọ̀ yín.

Ó ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Ẹ ó rí ibi tí wọ́n rán ní orí rẹ̀. Ẹ bá a gbé omi gbígbóná, ẹ jẹ́ kó sùn sí yàrá Ṣadé. Màámi, mo fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé. Báyìí náà ni Ṣadé ṣe sá wálé, tó di eyín tí ọkọ rẹ̀ yọ mọ́ etí ìró. Ẹ fún un lóúnjẹ, ẹ wá ní kó padà lọ fara dà á. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wá fún wa. Bí Bọ́sẹ̀ bá sọ pé òun fẹ́ padà, ẹ fà á lọ́wọ́ dé ibi sàréè Ṣadé lẹ́yìnkùlé, kí ẹ sọ ẹni tó ní kí Ṣadé padà fún un.

Ẹ̀mí yín á gùn, Màámi, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ bá mi fọwọ́ pa àwọn ọmọ náà lórí.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣẹ́kù,
Rónkẹ́