Aṣọ Funfun Yín Lórí Òkè Hada

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú òjò, ẹ sì kú àìrí ara ẹni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún yín láti Mẹ́kà níhìn-ín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn, àti àwọn ọmọ tí n kò tíì fojú kàn.

Àwọn tó wá ṣe Hájì jẹ́ iṣẹ́ yín fún mi, pé kí ló dé tí aṣọ funfun ìkẹ́yìn yín, èyí tí ẹ ní kí n fi omi Sámúsámù fọ̀, kò tíì délé. Ìyá mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fọ̀ ọ́. Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àwọn tó ń wọn ọ̀nà tuntun lórí òkè Hada gbà mí sí iṣẹ́ alásè. Wọ́n ní kí olúkúlùkù wá nǹkan tí yóò fi sùn, torí òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré. Ni èmi àti Àlàájì Búráímọ̀, tí a jọ ń gbé ní àdúgbò Rusaifah ní Mẹ́kà níbí, bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọjà Baghdadiyah ní Jẹ́dà. Oníṣòwò ará Yémẹ̀n kan kó kúbùsù jáde, ó kó awọ àgùntàn, ó wá mú àpò kan tí àwọn ṣójà ń sùn sínú rẹ̀, ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló kún inú rẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò, pé ojúlówó a máa wú padà. Ó wú. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ooru gbà á. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ kí a wò ó bóyá ó gùn tó mi. Bó ṣe fa síìpù dé àgbọ̀n mi tó so okùn rẹ̀ lókè orí, yéè! Mo fò jáde. Ta ni wọ́n ń dì lórí dì lẹ́sẹ̀, bí kò ṣe òkú? Àlàájì rẹ́rìn-ín títí, wọ́n bẹ̀ mí kí n rà á, mo kọ̀. Kúbùsù méjì ni mo rà. Ẹ ṣáà mọ orí kunkun mi.

Bí àlá ni òkè náà rí. Ìkùukùu ń rìn kọjá lẹ́nu àgọ́ wa, àwọn ìnàkí jókòó sórí àpáta, wọ́n ń wò wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, òtútù ń ti inú ilẹ̀ gòkè wá, eyín mi ń lu ara wọn, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń hanrun nínú àpò tiwọn. Aṣọ yín wà nínú àpótí mi, torí n kò lè fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyá mi, mo tú u. Mo fi we ara láti orí dé ẹsẹ̀, èmi tí mo ní n kò ní ṣe bí òkú, mo wá fi kúbùsù lé e.

Oorun gbé mi lọ. Mo lálàá pé mo wà lẹ́yìn yín, ẹ fi ọ̀já gbà mí, ẹ ń lọ sódò, ẹ sì ń kọrin. Mo gbétí lé ẹ̀yìn yín, mo ń gbọ́ orin náà nínú ara yín. Nígbà tí mo jí, oòrùn ti là, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀rù bà mí pé mo ti ba aṣọ yín jẹ́. Àlàájì ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, kí n ṣáà tún un fọ̀. Mo ti tún un fọ̀. Mo sì ti ra àpò yẹn fún ọyẹ́ tó ń bọ̀.

Lẹ́tà yìí nìkan ni mo fi rán àwọn tó ń padà bọ̀. Aṣọ náà, èmi fúnra mi ni n óò mú un wá. Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, kó sì ṣí ọ̀nà ilé fún mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ará agboolé. Ìyá mi, ẹ dúró dè mí o. Aṣọ yín wà lọ́wọ́ mi, ẹ ò lè lọ láìsí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Lásísì