Ẹ̀rín Tí Mo Ń Gbé Mì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Òpó tún dápàárá nídìí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi nìyẹn — bíríkìlà ni, ó sì fẹ́ràn láti máa lu ẹ̀yìn ara rẹ̀ pé òun ni òpó ilé yìí. Àpárá náà dùn débi pé àkọ́bí wa ń yí nílẹ̀. Èmi? Mo gé ètè jẹ, mo sáré wọ balùwẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti bí ìkejì, bí mo bá ti rẹ́rìn-ín pẹ́nrẹ́n, ìtọ̀ á jáde. Bí mo bá sín, bákan náà. Nígbà tí mo padà, ó ti dákẹ́, ó ń wo àwo rẹ̀. Ó ṣe mí láàánú gan-an. Ojú ń tì mí láti sọ fún un.

Ọjọ́rú, 5

Kò dápàárá lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ọsibítù. Mo parọ́ pé ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ti Òpó ń dùn ún lóòótọ́, ló bá tẹ̀ lé mi. Àǹtí Oníṣan — ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti eegun níbẹ̀ — fi ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bíi gègé kàn wá lẹ́yìn, tọ́-tọ́-tọ́, láti mọ bí iṣan ibẹ̀ ṣe le tó. Ó ní ti Òpó le ju tèmi lọ fíìfíì. Bẹ́ẹ̀ ló rí lára ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí òun ti wọ̀n. Òpó gbé àyà sókè. Kò gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, pé líle náà gan-an ló ń fa ìrora rẹ̀.

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo ti jẹ́wọ́ tèmi. Ó ní iṣan tó tẹ́ sísàlẹ̀ abẹ́, tó gbé ilé ìtọ̀ dúró, ló ti dẹ̀. Oyún àti ìbímọ ló nà án. Ọkùnrin kò mọ ìyẹn rí. Kí n máa fà á sókè bí ẹni ń mú ìtọ̀ mọ́ra, kí n máa mí síta, kí n sì tú u sílẹ̀. Ní ti Òpó: kó nà gbalaja, kó máa mí jẹ́jẹ́, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè dẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ta ló di olùkọ́ nínú ilé? Òpó ni. Mo ní ìdárayá ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi, ló bá ní tọkọtaya ni wá, ká jọ ṣe é. Nínà gbalaja kẹ̀? Ó ní iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyẹn. Ó ní ká sé èémí, ká fún ìdí pọ̀ bí ẹni fẹ́ gbé búlọ́ọ̀kù. Mo sé e. Mo fún un. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo sín níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ìjókòó ni mo fi kọ́ wọn títí agogo fi lù. Òpó náà kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ so okùn bàtà rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

A padà sọ́dọ̀ Àǹtí Oníṣan. Ó ní kí n ṣe é kí òun rí i, ó wá bi mí pé ta ló kọ́ mi báyìí. Òpó nawọ́ sókè, inú rẹ̀ ń dùn. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní èémí tí mo ń sé ló ń ti gbogbo nǹkan lọ sísàlẹ̀. Fífún tí Òpó ń fún ìdí pọ̀ ló sì tún ń mú ẹ̀yìn rẹ̀ le sí i.

"Ara yín ò rí bákan náà, ẹ̀yin tọkọtaya. Ìyàwó máa fà á sókè. Ọkọ máa tú u sílẹ̀."

Òpó béèrè pé kí ni mo fẹ́ fà sókè. Àǹtí wò mí. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ — ẹ̀rín, ìtọ̀, balùwẹ̀, gbogbo rẹ̀. Òpó yíjú sí mi.

"Ṣé kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ mi ti sú ẹ ni?"

Mo ní rárá. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Mo ń fà á sókè bí mo ti ń fọ abọ́, bí mo ti ń máàkì ìwé. Ta ló máa mọ̀? Òpó nà gbalaja sórí ẹní, ọmọ kékeré lórí àyà rẹ̀, àwọn méjèèjì ń hanrun. Ó ní òun ń gba ìtọ́jú.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Kẹrin

Oúnjẹ ọ̀sán. Òpó ń sọ bí ọ̀gá wọn ṣe mọ ògiri yí ara rẹ̀ ká láìfi àyè ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń fi ṣọ́bìrì gbé oúnjẹ kọjá lókè ògiri sí i, ló bá dúró, ó ń wò mí. Ó fẹ́ pa á tì nítorí mi. Mo ní kó parí ẹ̀.

Ó parí ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín — ẹ̀rín mi gidi, èyí tó máa ń dún dé ilé kejì. Ìtọ̀ díẹ̀ jáde. N ò dìde. Mo ní kó tún un sọ.