Hóró Àgbàdo Abẹ́ Ọ

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ṣì máa ń wá ojú yín nínú èrò ọjà,

Okun o, bí a ṣe ń kí ara wa nílé. Ẹ kú àìríra. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kì í tán nínú mi, ṣùgbọ́n n kò jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Mo ń kọ ọ́ lónìí nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí, n kò sì mọ ẹlòmíràn tí mo lè sọ bẹ́ẹ̀ fún kí ojú má tì mí. Nínú gbogbo ọkùnrin tí mo mọ̀, ẹ̀yin nìkan ni ẹ máa ń sọ ọ́ jáde. Tí odò bá kún, tí àwọn yòókù ń sáré kọjá lórí ìtì igi tí wọ́n fi ṣe afárá, ẹ̀yin á dúró, ẹ ó bọ́ bàtà, ẹ ó ní ẹ̀rù igi yìí ń bà yín, ẹ ó wá di ọwọ́ mi mú. Wọ́n á máa fi yín rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín, torí pé ọwọ́ yín ń gbọ̀n lóòótọ́, síbẹ̀ kò já mi sílẹ̀ rí.

Ìyá wà ní Ìyàmoyè, ara wọn le, àfi orúnkún tó máa ń dùn wọ́n lásìkò òjò. Wọ́n ṣì máa ń bu omi ìṣanṣẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́. N kò bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n ń bù ú dè.

Ìwé tí ẹ fi mí sí, mo ti kà á títí dé ẹ̀kọ́ olùkọ́, mo sì ti parí rẹ̀. Kàbà ni wọ́n gbé mi wá, sí ilé-ìwé míṣọ́n, àwọn ọmọ tó kéré jù lọ ni wọ́n sì kó fún mi, àwọn tí ọwọ́ wọn kò tíì lè gba orí kan etí kejì. Jẹ́lé-ó-sinmi ni ará ìlú ń pè wọ́n. Ọ̀gá ilé-ìwé wa kò fẹ́ kíláàsì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lójú tirẹ̀, eré ni à ń ṣe níbẹ̀, owó míṣọ́n ni a sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Bàbá, bí ẹ bá rí wọn ni. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo ń fún wọn lọ́sẹ̀. A ó fi amọ̀ mọ ọ́n, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú iyanrìn, a ó wá ohun tí orúkọ wọn fi í bẹ̀rẹ̀ kiri àgbàlá, títí tí yóò fi di tiwọn.

Ọ̀sẹ̀ tó kan Ọ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. A ti rìn káàkiri, a ti rí ọ̀pẹ, a rí ọsàn, ọ̀kan nínú wọn sì tọ́ka sí ọwọ́ ara rẹ̀. A gé ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, ẹ mọ̀ pé inú rẹ̀ ṣófo, a ń tẹ̀ ẹ́ sínú aró, a sì ń fi í lu bébà, gbogbo rẹ̀ ń yọ róbótó róbótó. Mo sọ fún wọn pé Bàbá mi ń lọ sí oko, ọkọ́ ló sì ń gbé lọ, kí wọ́n gbọ́ bí ohun kékeré abẹ́ rẹ̀ ṣe ń yí i padà. Ẹ̀yin ni mo fi kọ́ wọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Lọ́jọ́ kejì mo gé páálí fún oníkálukú wọn, mo ya O sí i, mo po ògì tútù tó ki dáadáa, mo ní kí wọ́n fi lẹ hóró àgbàdo kan sí abẹ́ rẹ̀.

Rábí jókòó sí iwájú mi gan-an. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Rábí, ló ń ta iyọ̀ àti kánún lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo lọ sílé wọn kó tó gbà kí ọmọ náà máa wá. Kì í ṣe pé ó kórìíra ìwé. Rábí ni èyí tó kù fún òun àti ìyàwó rẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n bí, kò sì fẹ́ kí ó jìnnà sí ojú òun. Lọ́jọ́ tó gbà, ó kàn fi ọwọ́ ọmọ náà sínú ọwọ́ mi, ó ní, "Tíṣà, ìwọ ni mo fà á lé lọ́wọ́." Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù kékeré kan ti ń gbé inú mi.

Bí wọ́n ti ń lẹ àgbàdo náà, ọmọ kan fi ògì kun imú. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Rábí náà rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ là gbayawu, ibẹ̀ ló sì fi àgbàdo tirẹ̀ pamọ́ sí. Mo rí i tí ẹ̀rín náà gé. Kò sunkún, kò wúkọ́. Ojú rẹ̀ kàn tóbi, ó ń wò mí. Mo gbé e, mo dorí rẹ̀ kodò, mo ń gbá a lẹ́yìn, n kò mọ ẹni tó kọ́ mi. Ó pẹ́, Bàbá. Bóyá kò pẹ́, ṣùgbọ́n lójú mi ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wúkọ́, ó sì kígbe ẹkún, àwọn yòókù náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

N kò rí àgbàdo náà nílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ ra gbogbo ilẹ̀, lábẹ́ ẹní, nínú aṣọ rẹ̀. Kò sí. Kò pẹ́ tí Rábí padà sídìí eré, ó ń tẹ ìbẹ́pẹ sínú aró bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é, ó kàn ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe ọ̀gá.

"Ó ti gbé e mì," ó wí. "Yóò bá ìgbẹ́ jáde."

"Ọ̀gá, èémí rẹ̀ ń dún."

"Ta ni èémí rẹ̀ kì í dún nínú wọn? Gbogbo wọn ni ọ̀fìnkìn ń ṣe. Gbọ́ mi dáadáa. Tí o bá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá bàbá rẹ̀, kò sí ọmọ wọn kan tí yóò tún tẹ ibí yìí. Èmi náà kò sì ní gbà kí kíláàsì yìí máa bá a lọ. Jẹ́ kó ṣeré."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ mí létí. Mo fẹ́ kí ó wọ̀ mí létí. Àmọ́ mo tún fa ọmọ náà mọ́ra, mo fi etí lé àyà rẹ̀. Lápá òsì, èémí ń wọlé, ó ń jáde. Lápá ọ̀tún, nǹkan kan ń súfèé tín-ín-rín, lẹ́yìn súfèé náà kò sí nǹkan mìíràn. Bàbá, mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Etí yìí kan náà ni mo fi lé àyà yín lórí ẹní yín, nígbà tí ikọ́ tó gbé yín lọ kò jẹ́ kí ẹ lè sọ̀rọ̀ mọ́, mo sì gbọ́ bí apá kan ṣe dákẹ́. Nígbà náà, n kò mọ ohun tí mo gbọ́. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọdé ni mí, kò sí ẹni tó lè dá mi lẹ́bi. Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ láti inú? Ṣé ẹ mọ̀?

Mo pọn Rábí, mo jáde. Ọ̀gá pè mí, n kò bojú wẹ̀yìn. Lójú ọ̀nà, ọmọ náà ń fi ohùn híhá pe Ọ sí mi lẹ́yìn, ó ń gbá èjìká mi bí a ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Mo ń ro bí ojú bàbá rẹ̀ yóò ṣe rí. Mo ronú pé mo lè gbé e délé kí n sì pa ẹnu mọ́, bóyá kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ara rẹ̀ á ti yá. Mo dé iwájú ìsọ̀ bàbá rẹ̀, mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

"Bàbá Rábí, hóró àgbàdo kan wọ ọ̀fun Rábí nílé-ìwé. A kò rí i kó jáde. Mo gbọ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan àyà rẹ̀ kò mí dáadáa."

Ó ń wọn iyọ̀ fún obìnrin kan. Ó gbé igbá sílẹ̀. Ó sọ Rábí kalẹ̀ lẹ́yìn mi, ó fi etí tirẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó sì wà bẹ́ẹ̀.

"Ta ló rán ọ wá?"

"Kò sí ẹni tó rán mi, sà."

Ó fi àwo bo iyọ̀, ó lọ pe ìyàwó rẹ̀. Lọ́rì kan tó kó àwọn èrò àti iṣu ń lọ sápá Mọ̀pà, ọ̀nà ibẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó wà. Wọ́n gbé Rábí jókòó sí iwájú lọ́dọ̀ awakọ̀, èmi wà lẹ́yìn lórí iṣu. Gbogbo kòtò tí a bá kó sí, mo máa ń tẹ́tí sí ikọ́ rẹ̀. Tó bá wúkọ́, àyà mi á já. Tí ikọ́ náà bá dákẹ́, ìyẹn tún burú jù. Ìgbà tí a fi dé ibẹ̀, ara rẹ̀ ti gbóná, ètè rẹ̀ kò sì pọ́n mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Mọ̀pà, ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún wa. "Dókítà ní ọ̀nà èémí ni àgbàdo náà há sí. Wọn yóò fún un ní oògùn tí yóò fi sùn, wọn yóò sì fi irin tín-ín-rín wọlé lọ mú un. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣèlérí."

"Tí a bá fi í sílẹ̀ ńkọ́?" Bàbá Rábí béèrè.

"Yóò wú síbẹ̀, bàbá. Àyà náà yóò bàjẹ́."

Ó gbà. Wọ́n gbé ọmọ wọlé, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi. Èmi àti Bàbá Rábí jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ó ń fa tẹ̀súbà rẹ̀. Èmi fẹ́ gbàdúrà, ṣùgbọ́n orúkọ Rábí nìkan ló ń bọ̀ lẹ́nu mi. Mo ń rò ó pé oorun tí wọ́n fi oògùn sùn, ta ló mọ̀ bóyá a máa ń jí nínú rẹ̀.

Nígbà tó yá, Bàbá Rábí béèrè ohun tí à ń ṣe tí àgbàdo fi dé ẹnu ọmọ. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka ya Ọ sínú eruku iwájú wa. Ó wò ó.

"Nítorí kékeré abẹ́ rẹ̀ yìí?"

"Òun ló ń yí ohùn rẹ̀ padà, sà."

Nígbà tí àkókò ìrun tó, tó dìde láti lọ ṣe àlùwàlá, mo rí i pé ó yí ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kó má bàa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. N kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo ń bẹ̀rù rẹ̀ síbẹ̀.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ẹkún. Ẹkún tó há, tó dà bí ti ẹyẹ, ṣùgbọ́n ti Rábí ni. Ìyá rẹ̀ dìde, ó sì tún jókòó. Nọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú àwo kékeré kan, àgbàdo náà wà nínú rẹ̀, ó ti wú, ó ti funfun. Bàbá Rábí gbà á, ó wò ó pẹ́, ó sì dá a padà. Ó yí sí mi. "Tíṣà, lọ wá nǹkan jẹ," ó wí. Ìyẹn nìkan ni.

Wọ́n dá ọmọ náà dúró síbẹ̀ títí ibà fi lọ. Èmi padà sí Kàbà, mo sì bá kíláàsì mi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ọ̀rọ̀ ti tàn, bí ọ̀gá ṣe sọ. Ó ti kọ̀wé sí àwọn míṣọ́n pé kí wọ́n ti kíláàsì náà pa, kí wọ́n gbé mi lọ síbòmíràn. Mo kó gbogbo hóró dànù, àgbàdo, ẹ̀wà, kóró ìṣin. N kò lè kọ́ wọn ní nǹkan kan. Àwọn díẹ̀ tó kù ń ṣeré, èmi ń wo ẹnu wọn. Tí ọ̀kan bá rẹ́rìn-ín, màá ní kó lanu. Ṣé bí ẹ̀rù ṣe máa ń bà yín nìyẹn tí ẹ bá rán mi lọ sódò? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù yẹn nìkan ni ẹ ò sọ jáde fún mi.

Bàbá Rábí lọ rí ọ̀gá nígbà tí wọ́n dé. N kò sí níbẹ̀, n kò sì mọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá wá bá mi, kò wo ojú mi, ó ní kíláàsì náà yóò máa bá a lọ. Àwọn òbí mìíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òwúrọ̀ òní ni Rábí padà wá. Ìyá rẹ̀ ló mú un wá, obìnrin tí kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ náà. Ohùn ọmọ náà ṣì há díẹ̀. Ó sáré lọ sídìí amọ̀, ó mọ O, ó fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ rẹ̀, ó sì pè é fún gbogbo wọn. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó lóyún, ó ti hàn dáadáa lábẹ́ ìró.

Ó rí i pé mo rí i. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀.

"Tíṣà," ó wí, "èyí náà ń bọ̀ wá bá yín."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i títí ó fi lọ. Lẹ́yìn náà ni mo wọlé, mo di tábìlì mú, nítorí pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Èmi ni, ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tí ẹ̀rù ń bà, tó sì ń lọ sí kíláàsì lọ́la.