Ọjọ́ Tí Bàbá Rẹ Fi Èdè Ọ̀gá Pe Ajá

Heather ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú òjò. Ara ńkọ́? Ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ṣé ò ń jẹun, àbí tíì lásán lo fi ń gbé inú ró? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa lórí òkè níbí yóò máa ṣọ́ ọ nínú ariwo Leeds yẹn. Àwa náà wà láàyè. Àwọn àgùntàn ti ń bímọ, èyí tí etí rẹ̀ ya bí ìbejì ṣùgbọ́n ó kọ ọ̀kan, èmi ni mò ń fún un ní wàrà nínú ìgò nídìí sítóòfù.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ ní yunifásítì, pé kí o wá ibi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ̀ wá, kí o sì dúró sọ ọ́ níwájú kíláàsì: o ní kí n gba ohùn bàbá rẹ sínú fóònù. Mo gbé e síwájú rẹ̀, ló bá ṣí fìlà, ó na ọrùn, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Wilfred Raw ni orúkọ mi." Mo ní Wilf, ọmọ ẹ ni o, kì í ṣe adájọ́. Kò gbọ́. Ìgbà tí àgùntàn kan há sábẹ́ géètì ló tó gbàgbé fóònù, ló bá tú ẹnu rẹ̀ gidi sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì àwa ará òkè níbí. Nígbà tó parí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi ránṣẹ́, ọmọ òun kúkú ni.

Ẹni tó ń kọ ohun tí a bá sọ sí ìsàlẹ̀ fóònù yẹn, bá mi kí i, ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ ní àgùntàn há sábẹ́ géètì, ó kọ pé àgùntàn wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo pariwo sí i kó tún un kọ, kò dáhùn. Má bá a jà, bóyá kò dé ìhà ọ̀dọ̀ wa rí.

Ọjọ́ tí o sọ̀rọ̀ náà, tí o ní a lè máa wò ọ́ láti ilé, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo gé kéèkì àti wàràkàṣì sínú àwo, torí mi ò mọ iye àwọn tó ń wò wá láti ọ̀hún. Doreen aládùúgbò wa wá, a gbé fóònù ti ìkòkò tíì. Mo kí gbogbo kíláàsì, ẹnì kan ò dáhùn. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀, mi ò kọ́kọ́ mọ̀ pé ìwọ ni, ohùn rẹ ti di ti ará London. Àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ dùn. O ní àwọn kan wọ ọkọ̀ kọjá òkun wá ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wọ́n jagun, wọ́n gbéyàwó, wọ́n dáko, ọ̀rọ̀ wọn sì kù sí wa lẹ́nu. Pé ọ̀dọ̀ wọn la ti rí i tí a fi ń pe odò ẹ̀yìn ilé wa ní "bẹ́kì", tí a sì ń sọ pé ọmọdé ń "léèkì" tó bá ń ṣeré. Ṣé wọn ò ní wá gbà á padà? Tí o bá rí wọn, sọ pé a ṣì ń lò ó.

Lẹ́yìn náà lo gbé ohùn bàbá rẹ sí i. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Heather, o ò mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Doreen ní ẹ̀rín ìfẹ́ ni, Wilf, ẹ̀rín ìfẹ́ ni. Ó dé fìlà, ó jáde.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ èdè ọ̀gá nínú ilé. Ẹni tó máa ń ní "gbé iyọ̀ wá jàre", ó wá ń ní "Maureen, ǹjẹ́ o lè ràn mí lọ́wọ́ kí o fún mi ní iyọ̀ díẹ̀?" Mo ní ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ó ní òun ń kọ́ èdè náà ni, kí ojú má baà ti ọmọ òun mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, òjò ńlá rọ̀, bẹ́kì kún, omi ń gun ibi tí àwọn àgùntàn wà pẹ̀lú ọmọ wọn. Bàbá rẹ pe Moss, ajá wa, ó ní, "Jọ̀wọ́, lọ sí apá òsì." Ajá jókòó. Ó tún un sọ, ó tún bẹ̀ ẹ́. Moss wò ó, ó wò mí, bí ẹni tó ń bi mí pé ta ni àlejò yìí. Ọmọ àgùntàn kan yọ̀ sínú omi. Ìgbà yẹn ni bàbá rẹ la ẹnu, ó ké sí ajá bí àwọn bàbá rẹ̀ ṣe ń ké, Moss sì sáré bí ẹni tí wọ́n tú ìdè rẹ̀, ó kó gbogbo wọn gun òkè. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ bọ́ sómi dé àyà, ó fa ọmọ àgùntàn yẹn jáde. Ó yè. Bàtà kan bá omi lọ.

Bí mo ṣe ń nu orí bàbá rẹ nídìí iná ló sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, tíṣà kan gbé òun dúró sórí àga, torí òun ní òun fẹ́ lọ "léèkì". Tíṣà ní kí àwọn tó kù máa rẹ́rìn-ín títí òun yóò fi sọ ọ́ bí ọmọlúàbí. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, kò sọ ọ́ fún mi rí. Ó ní ẹ̀rín yẹn gan-an lòun gbọ́ nínú fóònù. Mo ní Wilf, o ò dúró gbọ́ èyí tó kù. Mo wá sọ ohun tí o sọ nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, pé, "Bàbá mi nìyẹn. Ẹ rín èmi náà lọ́dún tí mo dé, mo bá fi ẹnu mi pamọ́. Ó ti sú mi." Mo sọ fún un pé ẹnu ilé lo fi parí ọ̀rọ̀ rẹ, kò sì sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó fi aṣọ ìnura bojú, ó ní omi bẹ́kì ló kó sí òun lójú.

Nítorí náà pè é, ọmọ mi, má sì fi ohùn London pè é. Tí wọ́n bá sanwó fún ọ nílé kọfí tí o ti ń ṣiṣẹ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún bàtà rẹ̀, Doreen ní wọn kì í ta ẹsẹ̀ kan. Inú àpò ìwé ni kí o fi í sí o. Wọ́n ní báǹkì wa ti kó wọ inú fóònù, mi ò sì tí ì rí ojú fèrèsé tí èèyàn ń dúró sí níbẹ̀.

Kí Olúwa bùkún ẹnu rẹ. Kí o máa sọ̀rọ̀ kí wọ́n máa gbọ́, ibi tí wọn ò bá sì ti gbọ́, kí wọ́n ní sùúrù láti ní kí o tún un sọ.

Èmi tí mo bí ọ,
Maureen