Núdù Aláta Tí Mo Sè Fún Ẹ̀gbọ́n Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ìyá ọmọ tuntun,

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ṣé ọmọ ń sùn, ṣé ó ń jí, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Ṣé ọkọ rẹ náà ti ń rí oorun sùn díẹ̀díẹ̀? Bá mi kí ìyá rẹ tó wà lọ́dọ̀ rẹ tó ń bá ọ gbé ọmọ, kí o sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi tó ń dùn mí kò dùn mí mọ́, ó ku èkejì. Ẹlẹ́dàá tó fi ọmọ yìí jíǹkí yín yóò bá yín wò ó dàgbà. Ilé yín kò ní gbóná, omi ìwẹ̀ ọmọ nìkan ni yóò máa gbóná níbẹ̀. Àmín.

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Atẹ́gùn ká páànù kan kúrò lórí ilé aṣekẹ̀kẹ́, aládùúgbò wa, ó sì ti gun òkè lọ kàn án padà fúnra rẹ̀, àmọ́ òdìkejì ló fi kàn án, nítorí náà òjò tó ń wọ yàrá rẹ̀ báyìí ń wọlé bí ẹni tí wọ́n fìwé pè.

Èyí tó wà nílẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, Mátírọ́ọ̀nù. O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìwé tí àwọn ọmọ ti ń sùn sínú ọgbà, kò rí ẹni tó máa pàṣẹ fún mọ́. Bóyá ni ìyá rẹ tíì gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ tó fi dé bá mi. Ó ṣí ìkòkò wò, ó rí búrẹ́dì nínú rẹ̀. Ó ní kí ni búrẹ́dì ń wá nínú ìkòkò. Mo ní mo fi pamọ́ fún èkúté ni. Ó ní èyí tí mo jẹ lánàá ńkọ́. Mo ní òun náà nìyẹn. Ó mí kanlẹ̀, ó ní ebi kò ní pa ọkọ àbúrò òun kú lójú òun, pé òun yóò kó ẹrù òun wá sínú yàrá ọ̀tún títí ìyá rẹ yóò fi dé, pé a ó máa fi agogo jí, a ó máa fọ ilé kí ilẹ̀ tó mọ́, bí a bá sì ti jẹun alẹ́ tán, iná á kú, kálukú á sùn. Ọmọ mi, mo wo ara mi láti òkè délẹ̀, èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ. Ta ni yóò wá bá aṣekẹ̀kẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà lálẹ́, tí a ó fi máa sọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọjá lẹ́yìn?

Mo ní kí ó má ṣèyọnu, pé mo lè se oúnjẹ fúnra mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní ó dáa, òun ń bọ̀ lálẹ́ Ọjọ́rú. Bí òun bá jẹ oúnjẹ gidi lọ́wọ́ mi, òun yóò gbé àpótí òun padà sílé òun. Bí kò bá jẹ́ gidi, àpótí wọlé nìyẹn.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ pé kí o bá mi wá oúnjẹ tó yá. O kú iṣẹ́, o ṣeun, núdù àwọn ará Ṣáínà tí o fi rán awakọ̀ dé, àti ìgò omi ẹ̀wà sóyà dúdú oníyọ̀, àti fínígà tó kan, àti òróró ata, àti fídíò obìnrin tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń sè é.

Obìnrin inú fóònù yẹn ní sùúrù. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì kí n tó ṣí i, nítorí kò yẹ kí obìnrin tó mọ́ tóní báyẹn bá mi nínú síńgílẹ́ẹ̀tì. Mo kí i, kò dáhùn, mo rò pé inú ló ń bí i nítorí pé mo pẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ lọ pọnmi, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ ojú fóònù bí o ṣe kọ́ mi, ó sì dúró tòun ti ṣíbí lókè, kò jókòó, kò mira, títí mo fi dé. Ojú tì mí. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù fún un.

Kó tó dáná rárá, ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn òun kí ó tẹ agogo. Agogo kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ládùúgbò ni ti kẹ̀kẹ́ tó wà lọ́wọ́ aṣekẹ̀kẹ́. Mo lọ, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Aṣekẹ̀kẹ́ ní ta ni mò ń lé lọ́nà. Mo ní obìnrin kan ló ní kí n tẹ̀ ẹ́ bí mo bá fẹ́ràn òun. Ó wò mí, ó wo ọ̀nà, ó ní ìyàwó mi kò mà tíì pẹ́ tó lọ. Bí ìyá rẹ bá gbọ́ nǹkankan, kí o sọ fún un pé agogo lásán ni.

Àmọ́ ohun tó kó ìdààmú bá mi jù ni pé obìnrin náà ní oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni oúnjẹ yìí, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé tó ti rẹ̀. O mọ̀ pé mo ti fi iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀. Èmi kò ní ọjọ́ iṣẹ́, ìsinmi ni gbogbo ọjọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ mi ti kọ́ mi pé ẹni tó bá fo ìwọ̀n kan, ọwọ́ ẹ̀wù ni yóò rí níbi ọrùn. N kò fo nǹkankan. Nígbà tí Ọjọ́rú pé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo gbọn eruku ara ẹ̀rọ, mo rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù ara mi, mo tú u, mo tún un rán kí ó lè tó iṣẹ́. Kò rẹ̀ mí. Mo bá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ láti igun kan lọ sí igun kejì títí ó fi rẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo rìn yí ilé po, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo sì kanlẹ̀kùn. N kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ìyá rẹ kò sí nílé, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò mi.

Mo wá já ọ̀rá núdù. Ọmọ mi, bá mi fẹjọ́ àwọn tó kó o wá sùn. Gbogbo rẹ̀ ló ti rún bí aṣọ tí wọ́n jókòó lé láti ìlú dé ìlú. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, n kò gbé aṣọ rírún fún oníbàárà rí. Mo wọ́n omi díẹ̀ sí i, mo tẹ́ aṣọ funfun lé e, mo fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ó ké kẹ́kẹ́kẹ́. Nígbà tí mo ṣí aṣọ, ó ti di iyanrìn. Mo já ọ̀rá kejì, mo jù ú sínú omi gbígbóná bí obìnrin náà ṣe wí. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀: omi gbígbóná ni áyọ́ọ̀nù núdù. Bí o bá ti jù ú sínú omi tó ń hó, ó ń na ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ, kí wọ́n má bàa ṣòfò.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyókù fún ọ, nítorí o ń tọ́mọ lọ́wọ́, ìwọ náà nílò oúnjẹ tó yá. Yọ núdù nínú omi nígbà tó ṣì lágídí díẹ̀, kí o sì da omi tútù lé e nínú asẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò lọ́ mọ́ra bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Lọ aáyù, lọ atalẹ̀. Ewé àlùbọ́sà, obìnrin náà ní kí ọ̀bẹ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n tó gé e, inú mi sì dùn sí i, mo mọ̀ pé ojúlówó oníṣẹ́ ni, nítorí aṣọ tí a bá gé báyẹn ló máa ń balẹ̀ lára. Po omi dúdú, fínígà, ṣúgà díẹ̀ àti òróró ata pọ̀ sínú abọ́ kí o tó dáná, torí tí páànù bá ti gbóná, kò sí àyè àtiwá ìdérí ìgò mọ́. Fi páànù tí o fi ń dín ẹyin kaná títí yóò fi fẹ́ rú èéfín, da òróró sí i, da aáyù àti atalẹ̀ sí i, bí òórùn wọn bá ti ta sókè báyìí, da núdù àti omi abọ́ lé e, kí o sì máa yí i lọ yí i bọ̀. Wọ́n ewé àlùbọ́sà lé e, ó ti parí.

Ibì kan ṣoṣo tí n kò ti bá obìnrin náà ṣe ni ọ̀rọ̀ ata. Ó ní kí n da ata sí i bó ṣe wù mí. Kí ni èyí? Ṣé aránṣọ ń ránṣọ bó ṣe wù ú ni? Mo lọ bi aṣekẹ̀kẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le, pé kí oúnjẹ dùn tó èyí tí yóò lé Mátírọ́ọ̀nù lọ sílé, kí ó sì ta tó èyí tí kò ní jẹ́ kí ó padà wá. Mo rí i pé ọgbọ́n ni. Mo da ata sí i bí mo ṣe bẹ̀rù rẹ̀ tó. Ìgò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ.

Mátírọ́ọ̀nù dé. Ó gbé àpótí rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ìdajì nínú, ìdajì níta. Ó fi ìka nu tábìlì wò. Ó ní kí n na ọwọ́, ó wo èékánná mi. Ó jókòó, ó fi fọ́ọ̀kì ká díẹ̀, ó fi sẹ́nu. Ó tún ká òmíràn. Òógùn yọ lójú rẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣomi, ó tú ìborí rẹ̀ sórí àga. Mo ti ń yọ̀ nínú. Ó wá bi mí pé ta ló sè é. Mo ní èmi àti obìnrin yìí ni. Ó gba fóònù, ó wò ó, ó ní kí obìnrin náà lọ di irun rẹ̀ kí ó tó tún wọ ilé ìdáná. Ó bá na abọ́ sí mi, ó ní kí n bu sí i. Mo bù ú. Ó tún na abọ́. Nígbà tí páànù gbófo, ó dìde, ó lọ síbi àpótí. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo gbá etí kan mú láti bá a gbé e dé títì. Ọmọ mi, èmi ń fà síta, òun ń tì sínú. Òun ló lágbára jù.

Ó ní láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun lòun máa ń jẹun gbẹ̀yìn, lórí ìdúró, oúnjẹ tútù, lẹ́yìn tí gbogbo ọmọ bá ti jẹ tán. Ó ní kò sẹ́ni tó dáná nítorí òun rí, tó gbé e ka iwájú òun tó ṣì ń ṣèéfín. Ó ní òun kò wá ṣọ́ mi mọ́, òun wá jẹun ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fi etí àpótí sílẹ̀, ẹnu mi pàápàá sì ń ta mí láti ara ata tí mo tọ́ wò.

Ní ọjọ́ kejì tó tún béèrè núdù, mo ní kí ó dákun, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ni, èmi sì ti fẹ̀yìn tì. Ó ní kò burú. Kí n tó fọ ẹnu tán láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ti kó kọ́tìnì rẹ̀ wá, ó ti kó ṣòkòtò yíya gbogbo àdúgbò jọ sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó ní ọjọ́ iṣẹ́ ti dé. Agogo jíjí kò sí mọ́ lóòótọ́, òun gan-an ló ń pẹ́ sùn, torí pé àárín èmi àti aṣekẹ̀kẹ́ ló ń jókòó lálẹ́, ó sì mọ ẹjọ́ àwọn tó ń kọjá jù wá lọ.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún núdù ẹni méjì, tí ọ̀kan nínú wọn ń jẹ ti ẹni mẹ́ta, àti òróró ata ìgò ńlá. Awakọ̀ ni kí o fi rán, má gba bánkì. Ìgbà tó kọjá tí akọ̀wé ibẹ̀ ní owó rẹ ti dé, mo ní kí ó mú èyí tí ọmọ mi fọwọ́ kàn gan-an wá, n kò gba tẹlòmíràn, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Ní ti ìyá rẹ, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kó mọ̀ pé mo lè se oúnjẹ. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Mátírọ́ọ̀nù, èmi ni yóò máa dáná fún àwọn méjèèjì. Sọ fún un pé búrẹ́dì inú ìkòkò ni mo ṣì ń jẹ, pé mo ti rù, kí àánú mi lè ṣe é, kí ó tètè máa bọ̀.

Ọmọ rẹ yóò dàgbà, yóò lọ́gbọ́n, yóò sì lówó tí yóò fi gba alásè. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, aránṣọ tí wọ́n ti dá padà sẹ́nu iṣẹ́.