Ìyálé Ti Ń Sá fún Ohùn Rẹ

Ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa níbi tí o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ń jẹ́ kí o sinmi? Ẹni tó mú ọ lọ ni yóò mú ọ bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lójú títì, oúnjẹ kò ní korò lẹ́nu rẹ, ibi tí o bá ti ń wá ojú rere, ojú rere ni wàá bá níbẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní orúnkún ń dun òun díẹ̀díẹ̀ ni, kò tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n etí òun ṣì ń ṣe bó ṣe ń ṣe. Àfi kí n pariwo kó tó gbọ́ mi, bó bá sì gbọ́ tán, yóò ní kí ló dé tí mo ń pariwo mọ́ òun.

Ilé wà bó ṣe wà. Káfíńtà ti wá kan òrùlé ilé ìdáná tó ń jò, ibi tí kò jò tẹ́lẹ̀ ló wá ń jò báyìí, ó ní òun ń padà bọ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé fẹ́ wọlé, nítorí náà aṣọ wọn ló kún gbogbo yàrá iwájú, ó kún orí àga, ó kún orí bẹ́ẹ̀dì, bàbá rẹ sì ní bí òun bá sùn gbàgbé, mo lè rán òun pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ ẹlòmíràn. Abẹ́ tábìlì ìránṣọ mi nìkan ló ṣófo, nítorí Ìyálé ló ni ibẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, inú apẹ̀rẹ̀ àjákù aṣọ níbẹ̀ ni Ìyálé, ológbò rẹ, ká ara rẹ̀ jọ sí, kò sùn, ó ń ṣọ́ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, mo sì fẹ́ kí o jókòó kí o tó kà á.

Má rò pé a kò tọ́jú rẹ̀. Láti ìgbà tí onílé rẹ ti ní òun kò fẹ́ ẹranko nínú ilé òun, tí o gbé Ìyálé padà wá fún wa pẹ̀lú àìsàn kíndìnrín tó ń bá a fínra, kò sí òwúrọ̀ kan tí a fo oògùn rẹ̀. O ti sọ fún mi pé àìsàn náà kì í lọ, pé oògùn yẹn kàn ń bá a bẹ̀bẹ̀ ni kó má bàa yára, mo sì gbọ́. Mo kọ́kọ́ fi oògùn náà sínú ẹja. Ó jẹ ẹja, ó fi oògùn sílẹ̀ lórí àwo ní mímọ́ tónítóní bí ẹni tó yọ egungun. Mo lọ̀ ọ́ sínú mílíìkì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ ha ilẹ̀ yíká abọ́ náà bí ẹni tó fẹ́ bo ìgbẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn ni mo rán ẹ̀wù kan fún un, ẹ̀wù tí kò lápá, tí kò lẹ́sẹ̀, ọrùn nìkan ló ní, mo fi aṣọ fẹ́lẹ́ tẹ́ inú rẹ̀ kó má bàa ha á lára. Màá gbé e wọ inú rẹ̀, màá fi àtàǹpàkò ya ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, màá fi oògùn sí ìdí ahọ́n, màá pa ẹnu rẹ̀ dé, màá wá máa fọwọ́ ra á lọ́fun títí yóò fi gbé e mì. Bàbá rẹ á di ìrù rẹ̀ mú. Mo bi í pé kí ni ìrù wá ṣe nínú ọ̀rọ̀ oògùn, ó ní nínú ilé yìí, ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, n kì í bu oúnjẹ fún un.

Dókítà àwọn ẹranko náà ń ṣe dáadáa sí wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ojú rẹ̀ dà bí tìrẹ nígbà tí o kò bá sùn tó. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan pé kí n kọ orúkọ aláìsàn, ọjọ́ orí àti iṣẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé eku ló ń pa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹni tó ni ín ni àwọn ń béèrè. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣòro jù, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá mọ inú ilé wa mọ̀ pé òun ló ni wá, abájọ tí ọmọ mi fi sọ ọ́ ní Ìyálé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìpè rẹ. Lọ́jọ́ tí o ń padà lọ, o gba fóònù mi, o tẹ̀ ẹ́ títí, o gbé e sẹ́nu, o bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, o wá ní, Ìyá mi, ẹ óò máa gbọ́ ohùn mi láràárọ̀, màá máa rán yín létí oògùn Ìyálé. Inú mi dùn. Lóòótọ́ sì ni, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, fóònù á dún, ohùn rẹ á jáde pé Ìyá mi, oògùn Ìyálé ti tó o, ẹ fún un, ẹ má gbàgbé, mo bẹ̀ yín. Èmi náà á dáhùn pé mo gbọ́, ọmọ mi, ṣé o jí ire. O kì í dá mi lóhùn. Wàá tún sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ẹni pé èmi ni mo di etí, kì í ṣe bàbá rẹ, àfi bí mo bá tẹ orí fóònù. Mo ní iṣẹ́ ló ń lé ọ. Ìpè ọjọ́ Àìkú ni o fi ń ṣe àròyé, tòwúrọ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń sáré wọ ọkọ̀. Nítorí náà mo máa ń yára sọ tèmi kí o tó parí tìrẹ, pé òjò rọ̀, pé bàbá rẹ kò sùn dáadáa, pé Ìyálé jẹun tàbí kò jẹ. Ohun tí mo ti sọ fún ọ kò kéré.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ohùn rẹ bá ti jáde, Ìyálé á sáré wá, á máa fi orí nu fóònù, á wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá o wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni màá ti gbé e, màá wọ̀ ọ́ lẹ́wù, màá fún un lóògùn. Nígbà tó ṣe, ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé tán, kò jáde tán. Nígbà tó tún pẹ́ díẹ̀, bí o bá ti ní Ìyá mi báyìí, ó ti wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ojú rẹ̀ nìkan ni màá máa rí nínú òkùnkùn ibẹ̀. Ẹni tó máa ń jókòó dè ọ́ lẹ́nu géètì nígbà tí o wà ní ilé ìwé, tí òjò kì í lé wọlé àfi tó bá gbọ́ ọ. Ohùn tó ń sá tẹ̀lé ló wá ń sá fún.

Nígbà tí a gbé e lọ kẹ́yìn, dókítà gbé e sórí ìwọ̀n, ó fọwọ́ kan egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá ní, Màmá, oògùn yìí ti ṣe ìwọ̀n tó lè ṣe. Ó ní a lè máa bá a lọ, yóò fún un ní ìgbà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìjà ni láràárọ̀, inú ẹ̀rù ló máa ti lo ìgbà díẹ̀ náà. Ó ní a sì lè dáwọ́ dúró, kí a kàn jẹ́ kí ara tù ú, kó jẹ ohun tó bá wù ú, kó sinmi. Ó ní ẹni tó ni ín ni kó sọ èyí tí a óò ṣe. Mo ní kò burú, ọmọ mi wà ní ìlú ńlá ṣùgbọ́n ó ń pè mí láràárọ̀, màá bi í.

Mo sì bi ọ́. Mo jókòó ti fóònù kó tó dún, mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Mo sọ gbogbo ohun tí dókítà sọ, mo ní ọmọ mi, kí ni kí a ṣe. O ní, ẹ fún un, ẹ má gbàgbé, mo bẹ̀ yín. Mo tún bi ọ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà. Nígbà tí o pè lọ́jọ́ Àìkú, mo ń retí kí o fúnra rẹ dá a sílẹ̀. O sọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ, o sọ̀rọ̀ bàtà rẹ tó já, o ní ṣé Ìyálé ń lo oògùn, mo ní ó ń lò ó, o ní ẹ ṣeun, Ìyá mi. Mo ní ó ti yé mi, ọmọ yìí kò fẹ́ kí n bi òun mọ́. Bàbá rẹ ní ṣé ọkàn rẹ ti wá le tó bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó dákẹ́, pé ẹni tó ń bẹ ènìyàn láràárọ̀ kì í ṣe ọlọ́kàn líle. A ń bá a lọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò di ìrù mú mọ́. Ó ní òun kò lè wo ojú rẹ̀.

Bó ṣe rí nìyẹn títí òpó nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò fi bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó rí ìpè gbà. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ń na fóònù sókè lójú títì bí ẹni tó ń ká èso. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ti mọ́, fóònù tèmi dún, ohùn rẹ jáde ketekete. Ọmọ mi, mo yangàn. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, níbi tí gbogbo wọn jókòó sí tí wọ́n ń ráhùn, mo ní ọmọ tèmi pè mí láàárọ̀ yìí, ìfẹ́ tirẹ̀ kì í dúró de òpó. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jẹ́ kí òun wò ó. Ó yọ síìmù, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó tẹ nǹkan kan, ohùn rẹ sì jáde pé Ìyá mi, oògùn Ìyálé ti tó o. Síìmù wà lọ́wọ́ mi, ìwọ wà nínú fóònù. Ó ní, Màmá, ohùn tí ọmọ yín fi pamọ́ síbẹ̀ ni, bí aago tó ń jí ènìyàn ni, kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ bá a jiyàn. Mo ní mo mọ kásẹ́ẹ̀tì dáadáa, kásẹ́ẹ̀tì ní okùn nínú, mo sì ti ṣí ẹ̀yìn fóònù yìí rí, n kò rí okùn kankan níbẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ojú ọ̀nà ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti wá dùn mí. Kì í ṣe tìtorí pé wọ́n rẹ́rìn-ín. O kò gbọ́ ni. Gbogbo bí mo ṣe ń bi ọ́, o kò gbọ́, o kò sì dá mi lóhùn rí. Àṣẹ tí a fi ń ya ẹnu Ìyálé, kò sẹ́ni tó pa á.

Mo padà lọ bá ọkùnrin náà, mo bi í pé bí ohùn ọmọ mi bá lè wà nínú rẹ̀, ṣé tèmi náà kò ní í sí níbẹ̀, ṣebí ẹnu fóònù kan náà ni àwa méjèèjì ti ń sọ̀rọ̀. Ó tẹjú mọ́ fóònù tó ń tún ṣe, ó ní ó ṣeé ṣe. Nítorí náà, nígbà tí o bá dé, ṣí i, kí o gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí n kò lè sọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí tí mo fi kọ ìwé nìyí, n kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí rán fóònù mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, tí wọ́n ti tún òpó ṣe, ṣé o rántí pé mo bi ọ́ pé àwọ̀ wo ni ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa? Mo ń yẹ̀ ọ́ wò ni, bóyá ìwọ ni àbí òun ni. O rẹ́rìn-ín, o ní Ìyá mi, kí ló ṣe ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ nígbà náà pé ìwọ ni, ṣùgbọ́n mo ti ń sunkún, mo ní kí o kí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ.

Ọkùnrin náà ní òun lè pa ohùn náà rẹ́. Mo ní rárá, ta ló ń pa ohùn ọmọ rẹ̀ rẹ́. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé bí mo bá ti jí, mo ti gbé fóònù lọ sẹ́yìnkùlé, mo ti ilẹ̀kùn. Níbẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo ṣì ń dá ọ lóhùn, nítorí kò bójú mu kí wọ́n pe ènìyàn ní ìyá kó máa wò. Lẹ́yìn náà ni màá wọlé, n kò ní sọ nǹkan kan, màá wọ Ìyálé lẹ́wù, màá fún un ní oògùn, nítorí n kò lè dá a dúró láìgbọ́ tẹnu rẹ. Ó ti ń mọ̀ báyìí pé èmi ni, kì í ṣe ìwọ. Ó bù mí jẹ lánàá, egbò náà kò jinlẹ̀. Èmi ló ń ṣọ́ láti inú apẹ̀rẹ̀ yìí. Kó máa bínú sí mi, àgbà méjì ni wá, mo lè gbà á. Ìwọ ni n kò fẹ́ kó sá fún kó tó lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. O ní wàá fi owó oògùn ránṣẹ́. Bàńkì tilẹ̀ ti kọ̀wé sínú fóònù mi, wọ́n pè mí ní oníbàárà wọn ọ̀wọ́n, wọ́n ní kí n má sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni. Mo dá wọn lóhùn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀, bàbá rẹ nìkan ni mo sọ ọ́ fún, kò sì gbọ́ ọ dáadáa. Má fi owó náà ránṣẹ́. Fi wọ ọkọ̀. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kò sẹ́ni tó ń tìtorí ológbò gba àyè, sọ fún un pé àgbàlagbà kan nínú ilé yín ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe irọ́. Bí ó bá ṣẹ́kù, bá mi ra òwú ìránṣọ funfun bọ̀.

Tí o bá dé, má wọlé kíákíá. Dúró lẹ́nu géètì, kí o pè é bí o ṣe máa ń pè é nígbà tí o bá ti ilé ìwé dé. Má pe èmi rárá, nítorí bó bá gbọ́ Ìyá mi, á rò pé oògùn ló dé. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ni kí o pè. Èmi àti bàbá rẹ á wà ní yàrá ẹ̀yìn, a kò ní yọjú. Bó bá jáde wá bá ọ, jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, gbé e, ẹ̀yin méjèèjì ẹ wo ara yín dáadáa, kí o tó wá sọ fún wa ohun tí a óò ṣe. Bí kò bá sì tètè jáde, mo bẹ̀ ọ́, dúró díẹ̀ sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà rẹ á dán. Wàá bá a láyé, wàá bá wa láyé. Ẹni tí o bá pè yóò dá ọ lóhùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.